Ọgbọ̀n Ọmọ Tí Ariwo Kò Jí

Eṣinṣin kan ló kọ́kọ́ jẹ́rìí fún mi. Ó bà sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún kan, ó rìn gba orí ètè rẹ̀ kọjá, ó gun imú, ó dé ìpéǹpéjú, ó wá dúró síbẹ̀, ó ń fọwọ́ rawọ́. Ọmọ náà kò mira. Mo lé eṣinṣin náà, ó fò sójú ọmọ kejì. Ìyẹn náà kò mira.

Motaleb lorúkọ mi. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá, àgọ́ wa ní Gazipur, ní ilẹ̀ Bangladesh, ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo ti wọ́ òkú jáde nínú odò, mo ti ṣa òkú jọ lójú irin ọkọ̀, n kò bì rí. Àmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nínú yàrá tí wọ́n ya òdòdó àti labalábá sí lára ògiri, èébì gun mi dé ọ̀fun.

Òórùn ibẹ̀ ni. Wọ́n ti da oògùn apakòkòrò sílẹ̀ kí ilé lè máa ta sánsán, ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ni ìtọ̀ wà, ìtọ̀ àná lórí ìtọ̀ ìjẹta, tó ti wọ inú àwọn ẹní lọ. Aṣọ ìnujú kan ṣoṣo so kọ́ sára ìṣó. Mo rí ikun lára rẹ̀, mo sì rí ohun tí kì í ṣe ikun. Ìgò oúnjẹ kan wà lórí fèrèsé, wàrà inú rẹ̀ ti dì, ó ti hu irun aláwọ̀ ewé. Lókè pátápátá, níbi tọ́wọ́ ọmọ kankan kò lè tó, wọ́n to ohun ìṣeré rẹpẹtẹ, gbogbo rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi rà á. Nígbà tí àwọn òyìnbó tó ń ra aṣọ bá wá ṣèbẹ̀wò ni wọ́n máa ń sọ ọ́ kalẹ̀.

Ilé iṣẹ́ aránṣọ ńlá ni ibẹ̀. Àwọn ìyá ń ránṣọ lókè, àwọn ọmọ wọn wà nísàlẹ̀ nínú ilé ìtọ́jú ọmọ. Ohun tó gbé wa débẹ̀ ni lẹ́tà kan tí ẹnì kan tì sábẹ́ ilẹ̀kùn àgọ́ wa láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́, sórí ewé ìwé ọmọ iléèwé, kò sì lórúkọ:

“Ẹ má bi wọ́n bí àwọn ọmọ ṣe ń sùn. Ẹ bi wọ́n ìdí tí wọn kì í fi í jí. Tuktuki ọmọ Rubina sùn lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, títí dòní ó wà ní ọsibítù, kò tíì lajú. Ọ̀sán ni kí ẹ wá. Ẹ má sọ fún wọn pé ẹ ń bọ̀.”

Ọ̀gá mi, Mahfuza Talukdar, ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Obìnrin kúkurú ni, kì í gbé ohùn sókè, ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀daràn fi ń rò pé kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ.

“Bàbá Motaleb,” ó ní, “ẹ jẹ́ ká lọ jẹun ọ̀sán lọ́dọ̀ àwọn ọmọdé.”

* * *

Lutfun Nahar ni olórí ilé ọmọ náà. Gbogbo ènìyàn ń pè é ní Àǹtí Lutfun. Ó sanra, ó tutù lójú, ife tíì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tá a wọlé.

“Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ọlọ́pàá wa! Ẹ rọra o, àwọn ọmọ mi ń sùn. Ẹ wò wọ́n, bíi mọ̀láíkà.”

“Wọ́n mà dákẹ́ o,” ọ̀gá mi wí.

“Ìtọ́jú ni, àbúrò mi. Ọmọ tó yó, tó mọ́, kí ló tún fẹ́?”

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni iná lọ. Fáànù dúró. Lẹ́yìn náà ni jẹnẹrétọ̀ ilé iṣẹ́ náà, tó wà lẹ́yìn fèrèsé yàrá yẹn gan-an, bú ramúramù. Ògiri ń gbọ̀n. Abọ́ ń jó lórí tábìlì. Èmi àgbàlagbà fò sókè, mo di fìlà mi mú.

Ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lórí ẹní. Ẹyọ kan ló jí. Ọmọkùnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ni, ó dìde jókòó, ó ya ẹnu, ó figbe ta. Ọgbọ̀n tó kù sùn lọ bí ẹni pé etí wọn kò sí lórí wọn.

Ọ̀gá mi kò wo àwọn ọgbọ̀n náà rárá. Ẹni tó jí ló lọ gbé.

“Àǹtí, kí ló dé tí èyí jí?”

“Shontu? Ẹ má dá a lóhùn jàre, aláriwo ọmọ ni. Ògì sùjí wa kì í bá a lára mu, gbogbo ara rẹ̀ á lé. Omi ìrẹsì ni ìyá rẹ̀ ń gbé wá fún un láti ilé.”

“Àwọn tó kù ńkọ́?”

“Sùjí ni gbogbo wọn jẹ.”

Ọ̀gá mi yí sí mi, ó sọ ọ́ sí mi létí pé, “Ẹ lọ pe dókítà wá kíákíá. Kí ó mú ọkọ̀ dání. Tó bá yá, ẹ wá bá mi ní ilé ìdáná.”

* * *

Kohinur ni alásè. Opó ni, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó gbẹ bí igi ìdáná tó ń kó. Ìkòkò sùjí, ìyẹn ògì àlìkámà tí wọ́n fi wàrà sè, ṣì wà lórí ààrò, ìdí rẹ̀ ti gbẹ. Ìwé kékeré kan lẹ̀ mọ́ ògiri, wọ́n kọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà lọ́jà sí i.

“Ta ló se èyí?” ọ̀gá mi bi í.

“Èmi ni, Màdámù.”

“Ta ló bù ú?”

“Èmi náà ni.”

“Ta ló jẹ ẹ́?”

“Àwọn ọmọ. Èmi náà jẹ níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń ha ìdí ìkòkò.”

Àǹtí Lutfun ti tẹ̀ lé wa débẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́. “Ẹ ò gbọ́ irọ́! Ó jẹ níbẹ̀, oorun ò wá kùn ún? Màdámù, ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura sí obìnrin yìí. Ẹni tó ń se oúnjẹ, bí ọbẹ̀ bá yí padà, ta la tún fẹ́ mú?”

Kí n má purọ́, mo gbà á gbọ́. Mo ti fọwọ́ kan ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kohinur wò mí, kò sá, kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ sárì rẹ̀.

Àmọ́ ọ̀gá mi dúró sójú kan, ó ń wo ojú obìnrin náà. Ojú yẹn mọ́ kedere. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́, ó já ìwé ọjà yẹn kúrò lára ògiri, ó ká a, ó ki í bọ àpò. Mo rò pé ó fẹ́ mọ iye ẹyin tí wọ́n ń rà ni.

“Àǹtí Lutfun,” ó ní, “ta ló ń bá yín jà nílé iṣẹ́ yìí, tó lè kọ lẹ́tà nípa yín?”

Àǹtí kò tilẹ̀ ronú. “Shiuli! Ọmọ ọ̀dọ̀ ni níbí. Ọjọ́ mẹ́jọ rèé tí a lé e. Ọ̀lẹ ni, ẹlẹ́nu mímú. Òun ló kọ ọ́, kí Ọlọ́run gé e lọ́wọ́.”

Nígbà yẹn ni dókítà dé. Ó ṣí ojú ọmọ kan, ó tan iná sí i, ó ṣí ojú èkejì. Nígbà tó dé orí ọmọ kẹfà, ó ti bínú.

“Oògùn ni,” ó ní. “Irú èyí tí wọ́n ń fún ẹni tí ara ń yún, tó máa ń kun ènìyàn lóorun. Ìwà ìkà wo nìyí? Ọmọ ọwọ́! Ẹ ràn mí lọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká kó wọn lọ.”

Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe dé òkè, n kò mọ̀. A kàn gbọ́ tí gbogbo ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ìyá ya wálẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí omi tó fọ́ odi. Rubina, ìyá Tuktuki, wà láàárín wọn. Láti ọsibítù ló ti ń bọ̀, ó wá tọrọ àyè lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n má baà lé e. Nígbà tó gbọ́ pé oúnjẹ ni, ó fò mọ́ Kohinur, ó di irun orí rẹ̀ mú.

“Ọwọ́ ẹ! Ọwọ́ ẹ lọmọ mi ti ń jẹun! Kí ló ṣe fún ẹ?”

Èmi àti ọlọ́pàá méjì tó bá wa wá la là wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níwájú orí Kohinur. Kò nù ún.

* * *

Yàrá onípáànù kan lẹ́yìn ojú irin ni a ti bá Shiuli. Òjò Srabon, oṣù tí òjò ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, ń lu páànù náà débi pé a ní láti pariwo ká tó gbọ́ ara wa.

“Ìwọ lo kọ lẹ́tà sí wa?” mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín kíkorò. “Lẹ́tà? Bàbá, bí mo bá mọ̀wé ni, ṣé màá dúró máa fọ ìdí ọmọ ọlọ́mọ lábẹ́ Lutfun? Àtàǹpàkò ni mo fi ń tẹ̀wé bí mo bá gbowó oṣù.”

Ọ̀gá mi mi orí. “Mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ. Ọjọ́bọ̀ ni Tuktuki sùn, wọ́n sì ti lé ẹ ṣáájú ìgbà yẹn. Ẹni tó ṣì wà nínú ilé ló kọ ọ́. Ohun mìíràn ni mo wá bi ẹ́. Kí ló dé tí wọ́n fi lé ẹ?”

“Nítorí mo ní ẹnu. Ṣé ẹ rí i, ọmọ tí kì í sunkún, ẹ̀rù ló máa ń bà mí. Lóṣù méjì sẹ́yìn, igbe dópin nínú yàrá yẹn. Ẹ fọ ọmọ, bí aṣọ ló rí. Ẹ gbé e dúró, orí á wọ́ sẹ́yìn. Èèrà wọ ọmọ kan létí, Màdámù, èèrà! Ó ń wọlé, ó ń jáde, ọmọ ò fọwọ́ kàn án. Mo gun òkè lọ bá Ọ̀gá Ashfaq, máníjà wa. Mo ní, ‘Ọ̀gá, àwọn ọmọ ò sunkún mọ́.’ Ó ní ṣé ìyẹn náà ni ẹjọ́ tí mo gbé wá? Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, Lutfun ti mọ gbogbo ohun tí mo sọ, ẹyọ kan ò bọ́. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n lé mi.”

“Yàtọ̀ sí sùjí, kí ni àwọn ọmọ ń jẹ?”

“Kò sí nǹkan. Àfi gúr díẹ̀, ṣúgà ìbílẹ̀ wa, tí Lutfun máa ń dà lé e kó lè dùn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń dà á, ní abọ́ kọ̀ọ̀kan. Ó ní àwa máa ń lá a. Inú àpótí olókọ́kọ́rọ́ ló ń fi í sí.”

“Gúr wo? Èyí tó dì?”

“Rárá, èyí tó ń ṣàn, tí wọ́n fi omi ọ̀pẹ dàbínù sè. Nínú ìgò.”

Ọ̀gá mi ti dìde. Ó tún jókòó. “Gúr ọ̀pẹ tó ń ṣàn,” ó ní. “Nínú oṣù Srabon.”

Inú ọkọ̀ ló ti là mí lóye. “Bàbá, ìdí ìkòkò ni Kohinur ń ha. Ṣé òótọ́ ló sọ àbí irọ́?”

“Ó lè jẹ́ irọ́.”

“Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi oògùn sínú ìkòkò, tí ọlọ́pàá sì bi í léèrè, ‘N kò fẹnu kàn án’ ni yóò sọ. Obìnrin yìí fi ara rẹ̀ mọ́ ìkòkò náà. Ìkòkò yẹn mọ́. Ohun tó ń pa àwọn ọmọ lóorun, lẹ́yìn tí oúnjẹ bá kúrò nínú ìkòkò ló ń wọ̀ ọ́, kí ó tó dé ẹnu. Ta ló wà láàárín ìkòkò àti ẹnu?”

Ojú tì mí. Mo gbé ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ mi sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

* * *

Nígbà tá a padà dé, wọ́n ti kó àwọn ọmọ lọ sí ọsibítù. Ìyá tí àyè gbà ti tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀. Àwọn tó kù jókòó sílẹ̀ ní ọ̀ọ̀dẹ̀, Rubina wà níbẹ̀, wọ́n kọ̀ láti padà sídìí ẹ̀rọ.

Ọ̀gá mi ní kí Àǹtí Lutfun ṣí àpótí rẹ̀. Ìgò gígùn kan jáde, ohun tó wà nínú rẹ̀ pupa fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀, ó ń ṣàn lára ìgò.

“Gúr ni,” Àǹtí wí. “Ohun tó dára ni mo ń fún wọn, kì í ṣe ṣúgà ọjà.”

“Ẹ kú iṣẹ́. Ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti rà á?”

“Kò pẹ́ rárá. Lánàá ni. Tuntun ni, láti Jessore, ọ̀rẹ́ mi ló mú un wá.”

“Jessore! Ibẹ̀ mà ni wọ́n bí mi. Ọmọ ẹlẹ́mu ọ̀pẹ ni mí, Àǹtí. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá mi fi gun ọ̀pẹ dàbínù kó tó já lulẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín nípa rẹ̀. Ìgbà òtútù nìkan ni ọ̀pẹ yẹn ń sun. Bí ooru bá ti mú báyìí, omi rẹ̀ á kan. Bí òjò bá wá dé, ẹ lu ọ̀pẹ náà, ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ̀kán kan kò ní kán. Èyí tí wọ́n sè ní ìgbà òtútù, bó bá ń ṣàn bẹ́ẹ̀, á ti hó, á ti bàjẹ́ kí Srabon tó wọlé. Ọ̀pẹ wo ni ọ̀rẹ́ yín gùn lánàá?”

Gbogbo ojú yí sí Àǹtí Lutfun. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀, abúlé ni gbogbo wọn ti wá. Kò sí èyí tí kò mọ ìgbà tí ọ̀pẹ ń sun.

“Bóyá... bóyá ọlọ́jà ló rẹ́ ọ̀rẹ́ mi jẹ,” Àǹtí wí.

“Ó ṣeé ṣe. Ẹ lá a ká wò.” Ọ̀gá mi da ṣíbí mẹ́ta sínú abọ́ kékeré kan, ó nà án sí i. “Ohun tẹ́ ẹ ń fún ọmọ oṣù mẹ́wàá ni.”

Ó gba abọ́ náà. Ó gbé e dé ètè, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

“Mò ń gbààwẹ̀ lónìí.”

“Ààwẹ̀!” N kò mọ ìgbà tó já bọ́ lẹ́nu mi. “Tíì tẹ́ ẹ ń mu nígbà tá a wọlé ńkọ́, ṣé ìyẹn ni sààrì?”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Rubina ti dìde. Àǹtí Lutfun wo ojú àwọn ìyá wọ̀nyẹn yíká, ó rí i pé àwa ọlọ́pàá ló sàn fún òun. Ó ké.

“Ṣé èmi nìkan ni? Ẹ lọ bi Ashfaq! Òun ló ní bí igbe ọmọ bá tún gòkè dé ibi iṣẹ́, òun á lé mi. Ó ní ìyá tó bá gbọ́ igbe ọmọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á dúró lórí aṣọ. Èmi pẹ̀lú ènìyàn méjì, ọmọ tó lé ní ọgbọ̀n! Oògùn ara yíyún lásán ni, mo fi omi ṣúgà lú u. Díẹ̀díẹ̀ ni!”

“Tuktuki ńkọ́?” ọ̀gá mi bi í.

“Eyín ló ń hù. Kò dákẹ́. Mo fún un ní ṣíbí kan sí i. Kò tún dákẹ́. Mo wá...”

Kò sẹ́ni tó ní kó parí rẹ̀. Èmi bàbá àgbà, tí mo ti gbé ọmọ-ọmọ mẹ́rin rìn kiri yàrá nígbà tí eyín wọn ń hù, mo jáde síta, mo bì sínú òjò.

* * *

Nígbà tí mo wọlé padà, Ashfaq ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń ta sánsán, ó fi áńkáṣíìfù bo imú nínú ilé ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ ni ọ̀gá rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀. Kò bi wá bóyá àwọn ọmọ yè.

“Ta ló kọ lẹ́tà náà?”

“Kò lórúkọ,” ọ̀gá mi dáhùn.

“Ẹ mọ̀ ọ́n. Ilé iṣẹ́ wa ló fẹ́ bà jẹ́ lójú àwọn oníbàárà. A lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti tẹ̀ lé mi dé àgọ́, Ọ̀gá Ashfaq. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ pé ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí.”

Èmi mọ̀ pé ọ̀gá mi mọ̀ ọ́n, torí mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó lọ sápò níbi tí ìwé ọjà yẹn wà. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ìwé ọjà náà, bíi ti lẹ́tà, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà sì ni. Láti wákàtí àkọ́kọ́ ló ti mọ ẹni tó kọ ọ́, ó sì já a kúrò lára ògiri kí ẹlòmíì má baà mọ̀.

Ṣùgbọ́n ó ti rẹ ẹni náà, kò fẹ́ ìpamọ́ mọ́. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná ni ohùn rẹ̀ ti wá.

“Èmi ni.”

Kohinur ni. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ níwájú orí rẹ̀.

“Ìwọ?” Ashfaq wí. “Alásè?”

“Mo ka ìwé dé kíláàsì karùn-ún. N kò mọ ohun tí Lutfun ń dà sí i. Mo kàn mọ̀ pé àwọn ọmọ ń kú díẹ̀díẹ̀ lójú mi. Wọ́n ti lé Shiuli tó fi ẹnu sọ ọ́. Mo ní kí n kọ ọ́.”

Ọ̀gá mi rọra bi í pé, “Ìyá, ṣé ẹ ò mọ̀ pé ìkòkò yín la máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni?”

“Mo mọ̀. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Mo ní bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n mú mi. Ṣáà jẹ́ kí wọ́n wá.”

Rubina wó lulẹ̀ níbi tó dúró sí, ó di ẹsẹ̀ obìnrin náà mú.

* * *

Tuktuki lajú lọ́jọ́ Ajé. Ìwọ̀nba la lè sọ nípa ìyókù tí ẹnu kò ní korò. Lutfun wà lẹ́wọ̀n, ó ń dúró de ẹjọ́. Ashfaq sùn ní àgọ́ wa ní alẹ́ kan péré, àwọn lọ́yà rẹ̀ gba béèlì rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n tún ilé ọmọ náà kùn, wọ́n ya òdòdó tuntun sí i. Wọn kò pe Kohinur padà, wọn kò sì pe Shiuli. Wọ́n ní àyè kò sí.

Àwọn ìyá kò gbé ọmọ wọn lọ síbẹ̀ mọ́. Yàrá Shiuli lẹ́yìn ojú irin ni wọ́n ń gbé wọn lọ, òun àti Kohinur ló ń tọ́jú wọn. Mo yà síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ìtọ̀ wà nílẹ̀, ìtọ̀ òní, Shiuli sì ń nù ún. Ọmọ kan ń lu ìdérí ìkòkò. Shontu ń bá ọmọ kan jà. Tuktuki wà lẹ́yìn Kohinur, eyín rẹ̀ kejì ló ń hù, ó ya ẹnu gbàà, ó ń ké débi tí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ, ariwo rẹ̀ bo ti òjò lórí páànù mọ́lẹ̀. Kohinur ń gbọ̀n ọ́n, ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó dákẹ́.